Ṣáásí Idẹ Tí Mo Tẹ̀ Sódì

Bí mo bá wọ yàrá, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ìkẹyìn ni tèmi. Ní ilé àwọn àna mi, mo máa ń sọ pé ooru ń mú mi, n óò sì gbé àga mi sún mọ́ ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ooru. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti di àṣà mi, mi ò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mo kọ́ ní Ṣómólú, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé. Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ ìtẹ̀wé, bí ènìyàn bá fẹ́ kí àwòrán hàn lórí ìwé, àwa la máa ń fi ásíìdì jẹ ẹ́ sára síńkì. A ó fi ohun tí ásíìdì kò lè jẹ bo ibi tí a fẹ́ kó ṣẹ́ kù, a ó tẹ́ síńkì náà sínú àwo, a ó wá máa mi àwo náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, títí ásíìdì yóò fi jẹ ìyókù lọ. Ohun tó bá ta yọ ni yóò mu yíǹkì.

Àwa méjì la wà lábẹ́ ọ̀gá wa, èmi àti ọkùnrin kan tí a jọ ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan náà. A máa ń pín àwo mímì ní wákàtí-wákàtí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó kan mi, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí. Ó ní kí n lọ jẹun, òun á bá mi mì í. Mo ti ra búrẹ́dì, mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà, nígbà tí mo gbọ́ ìró ìgò. Ìgò ásíìdì ńlá tó wà lórí pẹpẹ ló já bọ́. Kí n tó fa ọkùnrin náà jáde, ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ. Ohun tó kù lára mi kò ju àpá tó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn-ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó wà ní Òkè-Ògùn báyìí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo máa ń pè é bí ọdún bá dé. A kì í sọ̀rọ̀ búrẹ́dì.

Láti ìgbà náà, mi ò fọwọ́ kan ásíìdì mọ́. Òǹtẹ̀ rọ́bà ni mò ń gé. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ ti kú, mi ò sì sunkún rẹ̀.

Àsìkò òjò ni bàbá àgbàlagbà kan wá. Wọ́n ti rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà wa, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń fi ásíìdì gé irin. Àwọn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Obìnrin tó ń di ìwé ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníwèé, ló mú wọn wá bá mi.

"Ọ̀gá, ẹ gba àlejò yín," ó ní. "Wọ́n ń wá iṣẹ́ tó ti kú. Mo ní mo mọ ilé tí wọ́n sin ín sí."

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí orí sí òsì díẹ̀ kí wọ́n tó rí mi, bí adìyẹ tó fẹ́ ṣa ọkà. Wọ́n gbé agolo mílíìkì kan kalẹ̀, wọ́n tú aṣọ tó wà nínú rẹ̀. Orí ọkọ̀ ojú irin ló wà níbẹ̀, irú èyí tó ń fi èédú àti omi ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n kékeré ni, kò gùn ju ọwọ́ mi lọ. Ibi tí èéfín ń gbà jáde wà níbẹ̀, ilé awakọ̀ wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn tí awakọ̀ ń gbà gòkè pàápàá wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dà á dojú bolẹ̀, mo rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti fọ́ bí àkàrà àná. Wọ́n ní irú irin kan ni wọ́n fi rọ abẹ́ náà, ìyẹn ṣáásí tó gbé gbogbo rẹ̀ ró; irin yẹn, bó bá pẹ́, á wú, á sán, á máa rún láti inú wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá a.

"Ṣáásí mìíràn ni mo fẹ́," ni wọ́n wí. "Idẹ pẹlẹbẹ la máa fi ásíìdì gé, a ó wá tẹ̀ ẹ́ bí àpótí tí kò ní ìdérí. Mo ti yà á sílẹ̀."

"Bàbá, mi ò ṣe ásíìdì mọ́."

"Mi ò tíì bi ọ́ léèrè. Wo bí mo ṣe yà á ná."

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ ńlá gidi ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Ní ìgbà èwe wọn, wọ́n rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní ìlú Òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ra kékeré yìí bọ̀. Ìwé alápòótí ni wọ́n ya ṣáásí náà sí, ní ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe máa tóbi tó. Iṣẹ́ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ìlà tó wà lápá ọ̀tún ìwé náà tọ́, àwọn ti apá òsì ń gbọ̀n. Mo bi wọ́n bóyá ènìyàn méjì ló yà á.

"Èmi nìkan ni," wọ́n ní. "Ojú ni. Òsì ti lọ, ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà ní ó lè dá èyí tó kù dúró, ó sì lè má dá a dúró. Mo fẹ́ rí i kó rìn kí n tó wọ ibẹ̀. Òun náà ni mo bá wá."

Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi iná kọ̀ǹpútà gé nǹkan. Wọ́n ní wọ́n ti débẹ̀, pátákó àti rọ́bà nìkan ni iná wọn lè gé, idẹ ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n ní kì í sì í ṣe ásíìdì tí àwa ń lò nígbà náà ni àwọn ń wí. Àwọn tó ń ṣe rédíò ní omi kan, ó dà bíi tíì tó pọ́n jù, kì í hó, kì í rú èéfín.

"Bó bá ta sí aṣọ rẹ, kò ju pé kó pa á láró," wọ́n ní.

"Bó bá ta sójú ńkọ́, Bàbá?"

Wọ́n yí orí, wọ́n wo apá mi pẹ́.

Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Kí n sọ òtítọ́, mo rò pé pẹ̀lú ojú wọn yẹn, wọn ò ní dá ọ̀nà mọ̀ láti Bàrígà tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀ kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti jókòó lórí àpótí níwájú rẹ̀. Ìyá Oníwèé ti ra ògì fún wọn.

"Wọ́n ti ń retí yín láti ìgbà tí mo ti ń gbálẹ̀," ó ní. "Ẹ máa rántí pé ẹ̀yin náà á dàgbà."

Bí mo ṣe gbà á nìyẹn, ó sì rẹ̀ mí kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà ló ni idẹ náà. Pẹlẹbẹ kan ni, kò nípọn ju káàdì báńkì lọ, wọ́n ti fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ wé e láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní òun nìkan ló kù. Mo wá irú rẹ̀ káàkiri kó lè jẹ́ pé a ní méjì; èyí tí mo rí nípọn jù, ìyókù sì jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi omi idẹ wẹ̀.

Mo gbé àwòrán náà lọ sí Fádèyí, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ṣì ń ṣe fíìmù, ọ̀rá dídán tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí. Fíìmù méjì la nílò, ọ̀kan fún ojú idẹ, ọ̀kan fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí a fẹ́ kó gé já, ìlà rẹ̀ á wà lára méjèèjì, kí omi náà lè jẹ ẹ́ níwá jẹ ẹ́ lẹ́yìn. Ibi tí a fẹ́ tẹ̀, ojú nìkan la máa fi ìlà rẹ̀ sí, kí omi jẹ ẹ́ dé ìdajì péré. Bẹ́ẹ̀ ni idẹ á ṣe rọ̀ níbẹ̀, inú ìlà yẹn la ó sì tẹ̀ ẹ́ sí.

Ọkùnrin náà fi ìka lé kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ṣé kó wà báyìí, àbí kí n yí i?"

"Ẹ yí i," ni mo wí.

Mi ò tilẹ̀ rò ó. Mo san owó, mo ká fíìmù mi, mo lọ.

Oje kan wà tí a máa ń fi kun idẹ lábẹ́ fíìmù, kí omi má lè jẹ ibi tó bá le sí. A nílò oòrùn láti mú oje náà le, oòrùn ò sì yọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbé e sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, mo ń kà láti oókan dé igba, ìkúùkù sì ń bọ̀ láti apá Ọ̀wọ́rọ́. Ó dé nígbà tí mo ka ọgọ́sàn-án. Mo ní ó tó.

Mi ò fẹ́ ṣe omi náà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn ènìyàn pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé bàbá náà ní Bàrígà ni mo lọ. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ wọlé, ó gbé èéfín ẹja àwọn ará Ìlàjẹ dání. Mo gbé korobá omi méjì kalẹ̀, mo wọ aṣọ òjò, mo fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà sọ́wọ́, mo wá dé akoto ọlọ́kadà tó ní gíláàsì níwájú.

"Ogun wo lò ń lọ?" ni bàbá náà wí láti orí àga wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn sí i, Bàbá."

"Ojú tó kù fún mi kò pọ̀ débi tí mo máa fi ṣọ́ ọ."

"Ẹ ṣáà sún sẹ́yìn."

Wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n ń kùn. Mo da omi náà sínú àwo. Mo gbé ìgò náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dà á tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di etí àwo náà mú, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì í, ọwọ́ kò gbàgbé. Ọ̀tún sókè, òsì sílẹ̀. Òógùn kún inú akoto. Mo mì í fún wákàtí kan àti díẹ̀, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò sì lọ jẹun. Nígbà tí mo gbé idẹ náà jáde tí mo ṣan án, ìmọ́lẹ̀ gba gbogbo ihò rẹ̀ kọjá, kéékèèké, mímọ́. Bàbá náà fi ẹ̀ẹ̀kánná tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Hẹ̀n." Ọjọ́ Ajé ni, ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí iṣẹ́ abẹ wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kí n tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ gbé e lé àwòrán kí n fi wọ́n wéra. Ihò tí eyín ẹ́ńjìnnì oníná rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá wà lápá ọ̀tún nínú àwòrán. Lára idẹ, òsì ló wà. Nínú ọkọ̀ náà, òjé tí wọ́n fi mú un wúwo ti dí gbogbo apá òsì, ẹ́ńjìnnì kò lè gba ibẹ̀. Bí mo bá yí iwájú ṣáásí sẹ́yìn, àyè àwọn táyà kò ní bára mu.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Lẹ́nu iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, a gbọ́dọ̀ yí àwòrán sódì lára síńkì, nítorí bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, yóò yí padà. Ogún ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn oní-fíìmù pé kí wọ́n yí i. Ṣùgbọ́n ṣáásí kì í tẹ ìwé. Bó bá ṣe jáde nínú omi ni yóò ṣe wà. Ẹnu mi ló ba idẹ kan ṣoṣo tí bàbá náà ní jẹ́, ó sì ku ọjọ́ méjì.

Mo jókòó síbẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n pa fóònù. Kí n pa á títí Ọjọ́bọ̀ á fi kọjá. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé mo rò ó.

Ìyá Oníwèé wọlé wá yá sísọ́ọ̀sì. Ó wo ojú mi. "Ta ló kú?"

Mo fi idẹ àti àwòrán hàn án. Mo ṣàlàyé. Ó gbé idẹ náà, ó wò ó bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ìwé tí kò dára wá bá a.

"Bí wọ́n bá tẹ ìwé sódì fún mi, mo máa ń dà á dé ni," ó ní, ó sì dà á délẹ̀ lórí àwòrán. Gbogbo ihò bọ́ sójú àyè rẹ̀. "Ẹ wò ó. Ẹ ká a sí ẹ̀yìn."

"Kò ṣeé ṣe. Ìlà tó yẹ kó wà nínú á bọ́ síta. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á sán."

"Gbogbo ẹ̀yìn ìwé ló ń sán, ọ̀gá. Kí wá ni gọ́ọ̀mù ń ṣe láyé?"

Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó lọ.

Mo fi iná yan ìlà méjèèjì títí idẹ fi rọ̀. Mo fi irin méjì tí a fi ń di lẹ́tà ìtẹ̀wé mọ́ra láyé àtijọ́ há a láàárín, mo wá ń tẹ̀ ẹ́, mo ń mí, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kìíní dìde láìsọ nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì ń dìde bọ̀, ó wá dún lápá ẹ̀yìn, ìró kékeré bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ ìka. Ó sán, níwọ̀n ẹ̀ẹ̀kánná kan. Mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì, irú èyí tí wọ́n fi ń jó wáyà rédíò mọ́ra, sínú ìlà náà láti ìta, mo fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi jọ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo pinnu pé mi ò ní sọ fún bàbá náà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bàrígà, mo gbé agolo mílíìkì lé itan. Yàrá bàbá náà kò ní fèrèsé tó dára, iná kò sì sí. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Wọ́n ti to irin tí ọkọ̀ náà máa gbà rìn sórí tábìlì, ó yí po bí abọ́, bátìrì ọ̀kadà ló máa fún un ní agbára. Mo de táyà àti ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáásí náà, mo gbé ara ọkọ̀ lé e. Ó bọ́ síbẹ̀ wẹ́kú. Mo gbé e fún wọn, mo padà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Wọn ò gbé e sórí irin. Wọ́n dà á délẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìta lo tẹ̀ ẹ́ sí," ni wọ́n wí.

Àtàǹpàkò wọn dúró síbi tó ti sán.

"Lẹ́ẹ̀dì lo fi dí i. O fá a dáadáa. Kí ló fà á?"

Mo sọ ọ́. Fádèyí, fíìmù, ẹnu mi. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé idẹ wọn ni, pé ojú ń tì mí.

Wọ́n tẹ́tí sí mi tán. "Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́," wọ́n ní, "mo lu ihò méjìlélógún sára pátákó irin kan tó ga tó ilẹ̀kùn yìí. Ọ̀tún ni mo lù ú sí. Òsì ló yẹ. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan." Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí irin. "Ó sàn kí ènìyàn bá mi sọ̀rọ̀. Fi wáyà kan bátìrì."

Ó rìn. Ó kọ́kọ́ jà díẹ̀, ó sì rìn. Ṣùgbọ́n bó ti ń yí po, mo gbọ́ ọ, bàbá náà sì ti gbọ́ ọ ṣáájú mi: tì, tì, tì, láti apá ẹ̀yìn, níbi tó ti sán.

"Ó ń tiro," wọ́n ní.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ, Bàbá. Mo máa tún lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe. Títí ọ̀túnla—"

"Ọ̀la ńkọ́?"

Ohun tí iṣẹ́ abẹ náà ṣe àti èyí tí kò ṣe, n óò sọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí rẹ̀: wọ́n ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru lónìí, wọn ò rí ìlà mọ́. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú nìyí, ojú ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tẹrí ba títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì, wọ́n yí ojú yẹn sí ọkọ̀ náà. Ó kọjá, ó ń tiro, ó yí po, ó tún kọjá. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò mí.

"Ìwọ, kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

"Bàbá?"

"O dúró sínú ìmọ́lẹ̀ mi. Wọlé wá jókòó."

Àga kan ṣoṣo ló wà, lódìkejì tábìlì, láàárín ibùsùn àti ògiri. Bí ènìyàn bá wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn bàbá náà àti ẹ̀gbẹ́ tábìlì kó tó lè jáde. Mo wo bátìrì náà. Mo wo ọ̀nà tí mo máa gbà bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kò sí ọ̀nà. Mo fara gbá ògiri wọlé, mo jókòó, mo kó ọwọ́ lé orúnkún. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bọ́ sórí tábìlì, ó kan idẹ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà.

"Hẹ̀n," ni bàbá náà wí. "Mo ti rí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí."

A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ bátìrì náà.